Yàrá Kan, Màlúù Kan: Ìbéèrè Yín Lórí Ogún Nílé Àgbẹ̀ Amẹ́ríkà Àtijọ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Lóṣù tó kọjá, gbólóhùn méjì péré ni mo sọ lórí bí àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà ayé àtijọ́ ṣe ń pín ogún, àfi bíi pé mo na igi sí ilé agbọ́n, lẹ́tà ń wọlé tọ̀sán tòru. Mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀, mo ṣa mẹ́fà, èyí tó gùn mo gé e kúrú, ẹni tí kò bá rí tiẹ̀ kó jọ̀ọ́ kó fọwọ́ wọ́nú. Ayé tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni láti 1620 tí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀dó sí Plymouth títí dé bíi 1800, nígbà tó jẹ́ pé oko ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, tí ilẹ̀ àti ẹran ọ̀sìn jẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n ní láyé. Ilẹ̀ ọ̀hún fúnra ẹ̀, àwọn Wampanoag àtàwọn ẹ̀yà onílẹ̀ mìíràn ni wọ́n ni ín kí wọ́n tó dé, àmọ́ ìyẹn ní ọjọ́ tiẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, Massachusetts níbí ni mo ń gbé. Èmi àtàwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ wo ilé àtijọ́ kan tí wọ́n sọ di mùsíọ́ọ̀mù, ọmọbìnrin tó ń mú wa kiri wá ka wíìlì bàbá tó ni ilé náà sí wa létí. Bàbá ní kí ìyàwó òun máa gbé yàrá ìhà ìlà-oòrùn, kó láṣẹ láti gba kíṣìnì kọjá, kó láṣẹ láti fa omi nínú kànga, kó láṣẹ láti yan búrẹ́dì nínú ààrò. Mo ní háà! Àṣẹ kẹ̀? Obìnrin tó bímọ mẹ́jọ sínú ilé yẹn, ṣé ayálégbé ni? (Àbúrò yín, Worcester)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ó máa dun ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó máa yà yín lẹ́nu: wíìlì tó dáa nìyẹn o. Bàbá yẹn ro ti ìyàwó ẹ̀.

Ẹ wò ó. Òfin tí wọ́n kó wá láti ìlú ọba ni pé ọjọ́ tí obìnrin bá ti relé ọkọ, òun àti ọkọ ẹ̀ ti di ẹnìkan ṣoṣo lójú kóòtù, ẹnìkan ọ̀hún sì ni ọkọ. Màlúù tó mú wá láti ilé bàbá ẹ̀, ìkòkò, aṣọ, owó, gbogbo ẹ̀ ti di ti ọkọ. Tó bá ní ilẹ̀, ilẹ̀ yẹn ṣì jẹ́ tiẹ̀ lóòótọ́, ọkọ ò lè tà á àfi tí obìnrin bá fọwọ́ sí i, àmọ́ ọkọ ló ń dá a kó, ọkọ ló ń jẹ èrè ẹ̀. Kò tiẹ̀ lè ṣe wíìlì láìgba àṣẹ ọkọ. Ìgbà tí ọkọ bá kú ni òfin tó wá rántí ẹ̀: ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ àti ilé, tiẹ̀ ni láti máa lò títí ọjọ́ ikú, kò lè tà á, kò lè fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, ọjọ́ tóun náà bá kú ó padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Nínú ẹrù ilé àti ẹran ọ̀sìn, tí wọ́n bá ti san gbèsè tán, ìdá kan nínú mẹ́ta ló sábà máa ń jẹ́ tiẹ̀ pátápátá.

Ó dáa, báwo lèèyàn ṣe ń dá ilé sí mẹ́ta? Ibẹ̀ ni yàrá ìlà-oòrùn yín ti jáde. Kóòtù á rán àwọn aládùúgbò mélòó kan lọ wọ̀n ọ́n, wọ́n á rìn kiri inú ilé àti àyíká ẹ̀, wọ́n á ní yàrá yìí ti opó, apá ibí yìí nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ti opó, igun abà yìí ti opó, ó sì láṣẹ láti gbabí kọjá lọ síbi kànga. Bẹ́ẹ̀ ni o, ọ̀nà gan-an ni wọ́n ń kọ sínú ìwé. Torí ọmọ tó jogún ìyókù ilé á gbéyàwó tí kò bá tíì gbé e, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí ìyá ọkọ àti ìyàwó ilé bá jọ ń dáná nínú kíṣìnì kan ṣoṣo. Tí ìwé ò bá sọ pé ìyá láṣẹ ààrò, ìyàwó ọmọ lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lọ́jọ́ tí inú bá bí i, kí ni ìyá fẹ́ fi hàn ní kóòtù?

Ọkọ tó bá wo iwájú ló ń kọ ọ́ kínníkínní bẹ́ẹ̀. Ẹ óò rí i nínú àwọn wíìlì yẹn: kí ọmọ mi ọkùnrin máa gé igi ìdáná tó máa tó ìyá ẹ̀ lọ́dọọdún, kó là á, kó sì kó o dé ẹnu ilẹ̀kùn, àgbàdo ìwọ̀n báyìí, ọkà ìwọ̀n báyìí, ẹlẹ́dẹ̀ kan tó ti sanra, kó máa bọ́ màlúù ìyá ẹ̀ kan nígbà òtútù, ápù àti ọtí ápù, ẹṣin tí ìyá máa gùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jẹ́ ká dúró lórí igi ìdáná yẹn díẹ̀, torí ẹni tó bá ti lo òtútù Massachusetts bíi tiyín mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Igi tí wọn ò là, kí ni arúgbó fẹ́ fi ṣe? Igi tí wọ́n là tí wọ́n wá dà sẹ́yìn abà nínú yìnyín ńkọ́, ta ló fẹ́ bá a kó o? Ìdí nìyẹn tí bàbá fi kọ ọ́ pé "dé ẹnu ilẹ̀kùn". Àwọn ará Jámánì tó tẹ̀dó sí Pennsylvania tiẹ̀ le ju àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ nídìí irú ìwé bẹ́ẹ̀, kò sóhun tí wọn ò ní kà síbẹ̀. Ọmọ tó bá kọ̀ tí kò ṣe é, ìyá lè gbé e lọ kóòtù, àwọn wíìlì kan tiẹ̀ sọ pé ilẹ̀ á bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ̀gún inú ẹ̀ ni gbólóhùn kékeré kan tó máa ń wà níbẹ̀, pé "níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì jẹ́ opó mi". Tó bá lè fẹ́ ọkọ mìíràn, yàrá lọ, igi lọ, màlúù lọ. Àmọ́ obìnrin tí wíìlì ò bá tẹ́ lọ́rùn ò jókòó lásán o, ó lè lọ síwájú kóòtù kó ní òun ò gba wíìlì yìí, ìdá kan nínú mẹ́ta tí òfin fún òun lòun fẹ́, àwọn opó kan ní Virginia àti Maryland ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé òótọ́ ni pé dáwódù ló ń kó gbogbo ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn? Tíṣà wa ní bó ṣe rí ní England nìyẹn. (Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀)

ÌDÁHÙN: Ó kù síbi tẹ́ ẹ bá wà. Ní Massachusetts, ìwé òfin 1641 ní tí bàbá bá kú láìṣe wíìlì, ìlọ́po méjì ni ti àkọ́bí ọkùnrin. Inú Bíbélì ni wọ́n ti mú un, Diutarónómì orí 21, ẹ ṣáà mọ̀ pé àwọn Puritan yẹn, àwọn Kristẹni Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ̀dó síbẹ̀, ò fi Bíbélì ṣeré. Bí ìṣirò ẹ̀ ṣe ń lọ nìyí: ká ní ọmọ márùn-ún ló wà, wọ́n ti yọ ti opó, ohun tó kù jẹ́ 180 pọ́n-ùn. Wọn ò ní dá a sí márùn-ún, mẹ́fà ni wọ́n máa dá a sí, 30 lọ́nà mẹ́fà. Dáwódù á mú 60, àwọn mẹ́rin yòókù á mú 30 kọ̀ọ̀kan. Pennsylvania náà fún dáwódù ní ìlọ́po méjì. Nínú ìṣe ṣá, àwọn ọkùnrin ló sábà ń di ilẹ̀ mú, wọ́n á wá fi owó tàbí ẹrù san ti àwọn obìnrin.

Virginia lọ́hùn-ún ló jọ ohun tí tíṣà yín sọ. Bàbá kú láìṣe wíìlì, gbogbo ilẹ̀ di ti dáwódù, àwọn àbúrò á lọ máa pín ẹrù ilé. Òfin mìíràn tún wà níbẹ̀ tó ń so ilẹ̀ mọ́ ìdílé, tí bàbá-ńlá bá ti kọ ọ́ pé ilẹ̀ yìí ti àrólé mi ni àti àrólé ẹ̀ títí láé, ọmọ-ọmọ ò lè tà á kódà kí gbèsè fẹ́ pa á. Thomas Jefferson, ẹni tó wá di ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, ló dojú ìjà kọ ìyẹn ní 1776, Virginia sì fòpin sí i lọ́dún yẹn gan-an. Ọ̀rọ̀ kí dáwódù kó gbogbo ilẹ̀, 1785 ni wọ́n ṣòfin tó pa á rẹ́, ìbẹ̀rẹ̀ 1787 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Georgia ti ṣe tiẹ̀ ní 1777. Massachusetts fi ìlọ́po méjì sílẹ̀ ní 1789. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ máa ṣòfin fún ilẹ̀ tuntun tó wà lókè odò Ohio ní 1787, wọ́n ní kí gbogbo ọmọ pín in dọ́gba-dọ́gba, ti opó ò yí padà.

Ẹ má gbàgbé o, gbogbo òfin yìí, tẹ́ni tó kú láìṣe wíìlì ni. Bàbá tó bá ṣe wíìlì lè fún ẹni tó wù ú, ní Virginia náà àwọn bàbá tó ní ilẹ̀ tó pọ̀ máa ń pín in fún ọmọkùnrin méjì mẹ́ta.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, bàbá mi ti fi ilẹ̀ hàn mí láti bí ọdún mọ́kànlá, mo ti kọ́ yàrá mẹ́ta sí i, mo ti bímọ síbẹ̀, àmọ́ tí mo bá ti dárúkọ ìwé, wọ́n á ní ṣé mo fẹ́ káwọn kú ni. Ìyàwó mi ní àwọn òyìnbó ò lè ṣe irú ẹ̀ láé. (Ọkọ Ìyàwó, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé àwọn òyìnbó ṣe é, wọ́n ṣe é yó!

Ìlú kan wà ní apá àríwá Boston tó ń jẹ́ Andover, 1646 ni wọ́n fi í ṣe ìlú. Àwọn onímọ̀ ìtàn ti tú ìwé ilẹ̀, wíìlì, àti àkọsílẹ̀ ìgbéyàwó àwọn ará ibẹ̀ wò dáadáa, ohun tí wọ́n sì rí jọ ti bàbá yín bí ìbejì ṣe ń jọ ara wọn. Àwọn bàbá tó kọ́kọ́ débẹ̀ ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ, ẹ̀mí wọn sì gùn, ọ̀pọ̀ wọn ló dàgbà dógbó. Ọmọkùnrin á dàgbà, á máa bá bàbá roko títí tó fi lé ní ọdún 25, torí kò lè gbéyàwó láìní ibi tó máa mú un lọ. Bàbá á wá ní ó dáa, kọ́lé sí apá ibẹ̀ yẹn, máa dá oko níbẹ̀. Kò síwèé! Ọmọ á máa gbé lórí ilẹ̀ yẹn, á bímọ márùn-ún, irun ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, lójú òfin ilẹ̀ bàbá ẹ̀ ló ṣì wà. Kò lè tà á. Kò lè fi yáwó. Kò lè sọ pé òun ń lọ síbòmíràn, kí ló fẹ́ fi sílẹ̀ kó lọ? Ọ̀pọ̀ wọn ò rí ìwé ilẹ̀ wọn gbà àfi ìgbà tí wọ́n ka wíìlì bàbá lẹ́yìn ìsìnkú.

Kì í ṣe ìwà ìkà lásán o, kí n gbèjà àwọn bàbá díẹ̀. Kò sí pẹ́ńṣàn láyé ìgbà yẹn, kò sí ilé ìfowópamọ́ ní abúlé, ilẹ̀ yẹn ni pẹ́ńṣàn. Èkejì, ilẹ̀ pọ̀ àmọ́ òṣìṣẹ́ ò sí, ẹni tó o bá fẹ́ gbà síṣẹ́, òun náà ń wá ilẹ̀ tiẹ̀ láti dá. Ta ló wá kù tó máa bá bàbá kórè? Ọmọ ẹ̀ ni. Ìwé ilẹ̀ ni okùn tó so ọmọ mọ́ oko, bàbá tó bá já okùn yẹn lọ́wọ́ ara ẹ̀ lè bá ara ẹ̀ lóun nìkan nínú oko lọ́mọ ọdún 65.

Àwọn bàbá mìíràn já ọgbọ́n àárín. Wọ́n á kọ ìwé ilẹ̀ fún ọmọ lónìí, lọ́jọ́ kan náà ọmọ á fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tiẹ̀: mo gbà láti máa fún bàbá àti ìyá mi ní àgbàdo ìwọ̀n báyìí, ẹran ìwọ̀n báyìí, igi ìdáná, ibùsùn, ìtọ́jú nígbà àìsàn, títí wọ́n á fi kú, tí mi ò bá ṣe é, màá san iye owó báyìí. Bàbá àti ọmọ, tí ẹlẹ́rìí jókòó! Ó lè dà bíi pé kò sífẹ̀ẹ́ níbẹ̀, àmọ́ lójú tèmi ó sàn ju kí wọ́n máa wojú ara wọn fún ogún ọdún.

Ohun tó wá já okùn yẹn gan-an ni pé ilẹ̀ tán. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ, ilẹ̀ tí wọ́n ti pín tí wọ́n tún pín ò lè bọ́ ìdílé mọ́. Ọmọ kan á mú oko, á máa san owó fáwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, àwọn yòókù á lọ kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ tàbí ahunṣọ, tàbí kí wọ́n kọrí sí New Hampshire àti Maine lọ wá ilẹ̀ tuntun. Bàbá tí kò nílẹ̀ tó máa fún ọmọ, kí ló fẹ́ fi dá a dúró?

Ní ti ìwé tiyín, Ọkọ Ìyàwó, ẹ wá lọ́yà àti àgbà ẹbí kan tí bàbá ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Èmi ò lè ti ibi kọ́lọ́ọ̀mù yanjú ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ó dáa, àwọn ọmọbìnrin ńkọ́? Gbogbo ẹ̀ ni ọkùnrin ọkùnrin. (Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ ò jẹ́ kí n sinmi! Ohun tó ṣeé gbé ni wọ́n ń fún ọmọbìnrin. Ọjọ́ ìgbéyàwó ni tiẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ ìsìnkú: bẹ́ẹ̀dì oníyẹ́ kan, aṣọ bẹ́ẹ̀dì, aṣọ tábìlì, ìkòkò irin, abọ́ tánganran, màlúù kan, àpótí kan tí wọ́n á kó aṣọ sí. Bàbá tó mọ ìṣirò á kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé pẹ̀lú iye owó ẹ̀, torí tó bá kan ogún pínpín, wọ́n á yọ ọ́ nínú ìpín ọmọ yẹn. Ẹ lè rí wíìlì tí bàbá ti fún ọmọbìnrin ní ṣílè márùn-ún péré, ẹ má sáré bú u, ó lè jẹ́ pé ọmọ ti gba tiẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Ẹ má sì fojú kéré bẹ́ẹ̀dì yẹn. Tí bàálé bá kú, kóòtù á yan aládùúgbò méjì tàbí mẹ́ta pé kí wọ́n wá kọ gbogbo ohun tó fi sílẹ̀, kí wọ́n sì dá owó lé e. Wọ́n á wọ yàrá dé yàrá, wọ́n á ṣí àpótí, wọ́n á ka ṣíbí, wọ́n á kọ "ìkòkò àtijọ́ kan tó ti sán", wọ́n á bọ́ sí abà lọ ka àgùntàn. Nínú ìwé bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀dì oníyẹ́ pẹ̀lú aṣọ àti kọ́tìnì ẹ̀ lè ju owó màlúù lọ. Tí gbèsè bá pọ̀, wọ́n á lu ẹrù ní gbàǹjo, àwọn ará àdúgbò á kóra jọ sí iwájú ilé, opó náà á wà láàárín wọn, á máa náwó lé ìkòkò tó ti fi ń se ọbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. Mo kà nípa ẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo gbé ìwé náà kalẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti obìnrin kan tó dùn mọ́ mi. Hannah Barnard, ọmọ Hadley ní Massachusetts, létí odò Connecticut. Ó ní kọ́bọ́ọ̀dù onígi ńlá kan tí wọ́n kun ní ọ̀dà aláràbarà, wọ́n ya òdòdó àti ọkàn sí i lára, wọ́n wá fi lẹ́tà gàgàrà kọ orúkọ ẹ̀ sí iwájú ẹ̀ gbàràgàdà: HANNAH BARNARD. Orúkọ ilé bàbá ẹ̀ o, kì í ṣe tọkọ. Ó fẹ́ John Marsh ní 1715, ó bí ọmọbìnrin kan, Abigail, ó sì kú ní 1717. Abigail ló jogún kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí Abigail náà délé ọkọ tó bímọ obìnrin, ó sọ ọmọ náà ní Hannah Barnard, ó wá fi Hastings tó jẹ́ orúkọ ọkọ ẹ̀ kún un. Ẹ rí i bí wọ́n ṣe fọgbọ́n ṣe é? Ilẹ̀ ń tọ orúkọ bàbá lọ, ìran ìyá wá rọra wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù jókòó. Ó wà níbẹ̀ di òní, mùsíọ́ọ̀mù Henry Ford ní Dearborn, ìpínlẹ̀ Michigan, ni wọ́n gbé e sí.

ÌBÉÈRÈ: Mo máa ń sọ fáwọn ọmọ kíláàsì mi pé George Washington dá àwọn ẹrú ẹ̀ sílẹ̀ nínú wíìlì ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní irọ́ ni, pé ọ̀pọ̀ ni kò dá sílẹ̀. Ta ló pa irọ́ nínú wa? (Tíṣà Ìtàn, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre, ìdá kan nínú mẹ́ta opó tá a sọ lókè yẹn ló fa gbogbo ẹ̀.

Àwọn tó kà á dé ibí ti lè máa rò pé ilẹ̀, ìkòkò àti màlúù nìkan ni ogún. Rárá o. Nínú ìwé tí àwọn aládùúgbò máa ń kọ yẹn, pàápàá lápá gúúsù, ẹ óò rí orúkọ èèyàn lójú ìlà kan náà pẹ̀lú ẹṣin, iye owó sì wà níwájú ẹ̀. Virginia ti ṣòfin ní 1662 pé ipò ìyá ni ọmọ máa tẹ̀ lé, ìyá jẹ́ ẹrú, ọmọ di ẹrú. Ní 1705 wọ́n tún ní tó bá kan ogún, kí wọ́n ka ẹrú sí ilẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ronú sí i, èèyàn tó ń mí di ilẹ̀.

Ọkọ tí Martha, ìyàwó George Washington, kọ́kọ́ fẹ́ ni Daniel Parke Custis, olówó gidi ni. Ó kú ní 1757, kò ṣe wíìlì. Òfin bá gba ọ̀rọ̀ náà ṣe: Martha gba ìdá kan nínú mẹ́ta láti máa lò nígbà ayé ẹ̀, àwọn èèyàn tí wọ́n fi ṣe ẹrú náà wà nínú ẹ̀, ti àwọn ọmọ Custis ni ìyókù. Nígbà tó fẹ́ George ní oṣù January 1759, lílò yẹn bọ́ sọ́wọ́ George, wọ́n jọ kó lọ sí Mount Vernon, oko George ní Virginia. Lílò ni o! Kò ni wọ́n. Àwọn obìnrin inú wọn bímọ, ti ìdílé Custis lọmọ, ọmọ-ọmọ náà, ti Custis ni.

Ní 1799, èèyàn 317 ló wà lóko ẹrú ní Mount Vernon. 123 ni ti Washington fúnra ẹ̀, 153 ni ti Custis, àwọn tó kù jẹ́ èyí tó háyà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nínú wíìlì tó kọ lóṣù July ọdún yẹn, ó ní kí wọ́n dá tòun sílẹ̀ nígbà tí Martha bá kú, àyàfi William Lee tó máa ń bá a rìn kiri nígbà ogun, ìyẹn gba òmìnira lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú 30 dọ́là lọ́dọọdún. Washington fúnra ẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn èèyàn òun àti ti Custis ti fẹ́ ara wọn, pé òun ò sì lágbára lórí ti Custis. Ó kú ní December 1799. Martha ò jẹ́ kó di ọjọ́ ikú tiẹ̀, ó dá àwọn tọkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní January 1, 1801.

Ẹ wá wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nínú ilé kan. Isaac, káfíńtà, ti Washington ni. Kitty ìyàwó ẹ̀, tó wà nídìí mílíìkì, ti Custis ni. Isaac di olómìnira láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kitty ò dòmìnira, àwọn ọmọbìnrin wọn náà ò dòmìnira, torí ìyá ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Nígbà tí Martha kú ní 1802, wọ́n pín àwọn ti Custis sí mẹ́rin fáwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí wọ́n ṣe ń pín oko. Wọ́n ya bàbá sọ́tọ̀, wọ́n ya ìyá sọ́tọ̀, ẹ̀gbọ́n lọ sí ilé kan, àbúrò lọ sí òmíràn.

Torí náà tíṣà, ẹ sọ fáwọn ọmọ pé ó dá 123 sílẹ̀. Ẹ wá sọ ti 153 pẹ̀lú.

ÌBÉÈRÈ: Tí bàbá bá kú tí ìyá ṣì wà, ṣé ìyá kọ́ ló ń bá ọmọ tọ́jú ìpín ẹ̀ ni? (Alájọ, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé kóòtù wọn, ọmọ tí bàbá ẹ̀ bá ti kú, aláìlóbìí ni wọ́n ń pè é, kódà kí ìyá ẹ̀ máa gbé e pọ̀n lọ sí kóòtù yẹn. Kóòtù ló ń yan alágbàtọ́ tó máa mójú tó ilẹ̀ àti owó ọmọ, ó lè jẹ́ ìyá, ó lè jẹ́ àbúrò bàbá, ó sì lè jẹ́ ọkọ tuntun tí ìyá fẹ́, ibẹ̀ ni wàhálà ti máa ń bẹ́, torí ọkọ tuntun lè máa gé igi inú oko ọmọ tà. Ọmọ tó bá ti pé 14 láṣẹ láti wá síwájú adájọ́ kó fẹnu ara ẹ̀ dárúkọ ẹni tó fẹ́ kó ṣe alágbàtọ́ òun. Èyí tí bàbá ẹ̀ ò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún, wọ́n á fi í kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ọkùnrin títí di ọdún 21, obìnrin títí di 18. Ní Virginia, alágbàtọ́ gbọ́dọ̀ mú ìṣirò wá sí kóòtù lọ́dọọdún, iye tí wọ́n ta tábà, bàtà tí wọ́n rà fún ọmọ, owó tíṣà. Tí ọmọ bá pé 21 tó wo ìwé yẹn tí kò pé, ó lè pe alágbàtọ́ lẹ́jọ́, ọ̀pọ̀ ló sì pè é.